Ilẹ̀kùn Ṣí Sílẹ̀, Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Wọlé?

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù nílẹ̀ England, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń kóra jọ sí ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wọn láti sáré kìlómítà 5. Wọn kì í san kọ́bọ̀. Kò sí ìdánwò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò lé ẹni tó ń rìn kúrò lójú ọ̀nà. Parkrun ni wọ́n ń pe ètò náà, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ẹ kò ní bá níbẹ̀. Ilé wọn kò jìnnà sí ọgbà náà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa, àwọn náà sì fẹ́ ṣe é. Sátidé yóò dé, yóò tún kọjá, wọn kò ní jáde. Kí ló ń dá wọn dúró sílé? Kí sì ni àwọn tó ń ṣètò eré lè ṣe tí irú wọn yóò fi jáde?

Mo ń pe irú eré yìí ní eré ọlọ́pọ̀-èrò, ìyẹn eré tí kì í ṣe ti àwọn eléré ìdárayá nìkan, tí ìyá àgbà, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti olùkọ́ lè jọ wà lójú ọ̀nà kan náà. Máratọ́ọ̀nù London tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981 wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Parkrun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, torí pé ó ti dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò fún ogún ọdún, a sì lè rí èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti èyí tí kò tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, torí ibẹ̀ ni ìdènà ti hàn sójú jù. Bí ìlú ńlá bá fẹ́ ṣe máratọ́ọ̀nù, wọ́n gbọ́dọ̀ ti títì pa fún kìlómítà 42. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà ní oríta, ọkọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí, àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nínú àgọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà fi wà ní títì, owó ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi gbèdéke sí i: ẹni tí kò bá tíì dé ibi báyìí ní agogo báyìí, wọ́n á ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ á sì wá gbé e. Àwọn olùṣètò kò kórìíra ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Owó ló bí gbèdéke, gbèdéke ló sì ń lé onírìn-jẹ́jẹ́ jáde.

Nínú irú eré ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ti ran àwọn tó ń kẹ́yìn lọ́wọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Wọ́n máa ń so ó mọ́ bàtà tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn nọ́ńbà tó wà láyà eléré. Èyí tó wọ́pọ̀ lára wọn kò ní bátìrì. Ẹní kan wà nílẹ̀ ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tó ń rán ìgbì rédíò jáde. Bí eléré bá ti tẹ ẹní náà, ìgbì yẹn á fún ẹ̀rọ náà lágbára tó tó láti dá nọ́ńbà rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tún ṣe ní ìlà ìparí. Ó wá di pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkókò méjì. Àkókò ìbọn ń ka láti ìgbà tí wọ́n yìnbọn pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Àkókò ẹsẹ̀ ń ka láti ìgbà tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún fúnra rẹ̀ kọjá ìlà. Ẹni tó dúró lẹ́yìn èrò, tó jẹ́ pé ó ti tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìbọn kó tó dé ìlà, kò pàdánù nǹkan kan mọ́. Nítorí ẹ̀rọ yìí náà ni wọ́n ṣe lè pín èrò sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kan lọ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kò pọn dandan mọ́ kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó tún padà sórí rẹ̀.

Parkrun gba ọ̀nà mìíràn: ó sá fún títì. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá 2004, Paul Sinton-Hewitt pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí Bushy Park ní Teddington, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn London. Olùfẹ́ eré sísá ni, ṣùgbọ́n ó ti fara pa nígbà náà, kò lè sáré. Ẹni 13 ló sáré, ẹni 5 ló ṣèrànwọ́. Nínú ọgbà, kò sí ọkọ̀ tí a ó dá dúró, kò sí títì tí a ó tì pa. Wáṣà onírin, irú èyí tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí. Lóde òní, ènìyàn á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á gba báàkóòdù, ìyẹn àmì onílà dúdú irú èyí tó wà lára páálí mílíìkì. Bó bá sáré tán, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ipò rẹ̀, olùyọ̀ǹda kan á fi fóònù ka àmì méjèèjì, èsì á sì dé sórí ímeèlì. Nítorí pé àwọn tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í gba owó, ó ṣeé ṣe kí eré máa jẹ́ ọ̀fẹ́ títí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú owó kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí kò sáré láti ìgbà tó ti kúrò ní iléèwé léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe owó ló máa mẹ́nu bà, kì í sì í ṣe orúnkún dídùn. Yóò ní: "Bí mo bá gbẹ̀yìn ńkọ́?" Ìtìjú yìí lágbára. Ó lè ju ti owó lọ, torí ẹni tí kò lówó lè yá owó, kò sí ibi tí wọ́n ti ń yáni ní ojú tí yóò fi wo èrò tó ń dúró dè é kí wọ́n lè lọ sílé.

Bí parkrun ṣe yanjú ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, torí wọn kò fi ìwàásù ṣe é. Wọn kò kàn sọ fún ènìyàn pé kó má tijú. Ipò ẹni ìkẹyìn gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe é, olùyọ̀ǹda kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kẹ́yìn. N ó máa pè é ní arìnkẹ́yìn. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rọra rìn tó, arìnkẹ́yìn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò máa bá a sọ̀rọ̀, yóò sì kọjá ìlà ìparí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ka àkókò kò sì gbọdọ̀ palẹ̀ mọ́ kí arìnkẹ́yìn tó dé. Ó di pé àlejò tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè gbẹ̀yìn, bó ti wù kó rí. Ní oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n tún fi àwọn mìíràn kún un, àwọn olùyọ̀ǹda tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n ń rìn láàárín èrò kí gbogbo ojú lè rí i pé rírìn kì í ṣe àbùkù níbẹ̀.

Ìpíndọ́gba àkókò ló fi bó ṣe ṣiṣẹ́ tó hàn. Ní 2005, ìpíndọ́gba àkókò tí wọ́n fi ń parí kìlómítà 5 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Eléré gidi ló ń sá irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìpíndọ́gba yìí ń gùn sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí tó fi kọjá ìṣẹ́jú 32. Nínú eré-ìje lásán, wọ́n á ní eré náà ti bàjẹ́. Lójú àwọn olùṣètò parkrun, ayọ̀ ni, torí kò sí ohun mìíràn tó lè fa ìpíndọ́gba sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé àwọn tí kì í sáré tẹ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n yọ àkọsílẹ̀ àwọn tó yára jù ní ọgbà kọ̀ọ̀kan kúrò lórí ìkànnì wọn. Ọ̀pọ̀ eléré bínú, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi bínú, torí ẹni tó fi òógùn wá nǹkan fẹ́ kí wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú èsì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe tọ́: ojú ìwé tí àlejò kọ́kọ́ ṣí kò yẹ kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹni tó yára jù lọ hàn án.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni wàhálà gbogbo yìí wà fún. Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń sáré gan-an ni eré ń ṣe lóore? Ara wa ló máa dáhùn. Oore tí ìlò ara ń ṣe kì í pín dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀: òkèlè mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń gbé ojú rẹ̀ sókè, èyí tó bá jẹ lẹ́yìn tó ti yó, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ewu ikú àìtọ́jọ́ ṣe ń já wálẹ̀ kíákíá bí ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀, àmọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ti ń sáré ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ bá sọ ọ́ di mẹ́fà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí eré kan ṣe ìlú lóore, ẹni tó ṣì jókòó sílé ni kí a wá lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ nìyí. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nílò ẹnu ọ̀nà kó tó lè wọ inú iṣan. Nígbà tí a bá jókòó, ínsúlìnì ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà yẹn. Nínú ara ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá, ínsúlìnì ń kanlẹ̀kùn, iṣan kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà láì dúró de ínsúlìnì, á sì máa fa ṣúgà wọlé. Lẹ́yìn tí ìrìn bá parí, iṣan náà á tún máa gbọ́ ohùn ínsúlìnì dáadáa sí i títí di ọjọ́ kejì. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á ṣí, ìfúnpá á sì rẹlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ìrìn tó yá díẹ̀ tó fún gbogbo èyí. Àmì rẹ̀ ni pé kí ẹ ṣì lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe irú rẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ní 2022, nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ayé, bíi bílíọ̀nù 1.8, ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni, ìtìjú ti dínkù. Ó ṣì ku àwọn kan nílé. Ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sheffield gbé àwòrán ilẹ̀ England jáde láti wo bí ilé àwọn ènìyàn ṣe jìnnà sí parkrun tó. Wọ́n rí i pé ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí kìlómítà 5 péré ló wà láàárín ilé ènìyàn àti èyí tó sún mọ́ ọn jù, àti pé àdúgbò àwọn òtòṣì kò jìnnà ju ti olówó lọ. Síbẹ̀, àwọn tó ń jáde láti àdúgbò òtòṣì kéré gan-an sí ti àwọn tó rí jájẹ. Ibi tí àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun pọ̀ sí náà kò jáde tó àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ jíjìnnà nìkan ni ìdènà, à bá kàn máa gbin eré tuntun káàkiri, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ìwádìí yẹn fi hàn pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Peckham àti àyíká rẹ̀ ní gúúsù London. Parkrun wà ní Burgess Park, ó wà ní Peckham Rye, ó tún wà ní Southwark Park, gbogbo wọn kò jìnnà síra. Ẹ wá rò ó wò: obìnrin kan ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ọjọ́ Ẹtì, ó dé ilé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé. Ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ wa bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ń lọ sí ẹ̀kọ́ Sátidé. Lọ́sàn-án, ìnáwó ìsọmọlórúkọ wà. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Fún un, àkókò oorun ni. Bó bá tún wá dé ibẹ̀, tí kò rí ẹnì kan tó jọ ọ́, tí gbogbo wọn wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n sì ti mọ ara wọn látijọ́, kò sí ẹni tó lé e, ṣùgbọ́n kò ní padà wá.

Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ló lè mú un wá, ìpolówó kò lè ṣe é: pásítọ̀ rẹ̀, ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí dókítà rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbègbè ní Britain bá parkrun ṣe àdéhùn pé kí iléèwòsàn kọ̀ọ̀kan so ara rẹ̀ mọ́ eré tó wà nítòsí, kí dókítà lè darí aláìsàn síbẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ iléèwòsàn náà sì máa lọ. Apá ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé, "Mo máa wà níbẹ̀, ẹ wá mi wá," ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé e wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n: ní oṣù Kọkànlá 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní ẹ̀wọ̀n Haverigg ní Cumbria, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n àti òṣìṣẹ́ ti jọ ń sáré, tí ẹlẹ́wọ̀n sì ń jẹ́ olùyọ̀ǹda.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé òfin eré gan-an ló tì wọ́n síta fún ìgbà pípẹ́. Ní 1966, Bobbi Gibb kọ̀wé pé òun fẹ́ sá Máratọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá a lóhùn pé ara obìnrin kò lè gbé e. Ó fara pamọ́ sínú igbó kékeré nítòsí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ó yọ sáàárín èrò, ó sì sá a parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kathrine Switzer gba nọ́ńbà 261 torí pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Ọ̀gá eré kan sáré lé e lójú títì láti já nọ́ńbà náà gbà. Ó di 1972 kí Boston tó gba obìnrin wọlé, ó sì di 1984 kí Òlíḿpíìkì tó ní máratọ́ọ̀nù obìnrin.

Bí òfin ti yí padà, aṣọ kò tíì bá a. Ọmú kò ní eegun, kò ní iṣan nínú. Awọ àti àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e dúró. Bí obìnrin bá ń sáré, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ síwájú, àwọn okùn yẹn á sì máa fà. Ní 1977 ni àwọn obìnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà rán kọ́múù eléré àkọ́kọ́, aṣọ tí ọkùnrin eléré fi ń di abẹ́ ni wọ́n sì gé tí wọ́n fi rán an. Nígbà tí wọ́n bi àwọn obìnrin tó sá Máratọ́ọ̀nù London ní 2012, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní ọmú ń dun òun. Mi ò tíì rí olùkọ́ eré kan nítòsí wa tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọbìnrin, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ti àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ní 1975, Bob Hall béèrè fún àyè ní Boston. Wọ́n ní bó bá parí láàárín wákàtí mẹ́ta, àwọn á fún un ní ìwé ẹ̀rí bíi ti àwọn yòókù. Ó parí ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 58. Ní 1983, London náà gba kẹ̀kẹ́. Lóde òní, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ ń sáré burúkú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, bó bá wà láàárín èrò yóò gbá ènìyàn, nítorí náà wọ́n fún un ní ọ̀nà tó ṣófo. Afọ́jú náà ń sáré: òun àti atọ́nà rẹ̀ jọ ń di okùn kúkurú kan mú, atọ́nà á máa sọ ibi tí ọ̀nà ti yà àti ibi tí kòtò wà.

Kí a tó kàn máa fi àpẹẹrẹ England ṣe tiwa, ohun kan wà tí Èkó ní tí England kò ní: ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ kì í mú ara tutù, èyí tó gbẹ lára ló ń mú un tutù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ooru á sì há sínú ara. Àwọn tó yára ń parí Máratọ́ọ̀nù Èkó kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń rọra bọ̀ ló ń wà lórí afárá àti títì lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ eré ni a wá gbé ẹrù tó wúwo jù kà lórí.

Ibí ni ẹ̀rọ kékeré ara bàtà tí mo sọ ti wúlò. Bí kò bá pọn dandan kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kí àwọn onírìn-jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n ti ṣe fún àwọn oníkẹ̀kẹ́? Nínú eré kìlómítà 10, ó rọrùn: kí ọ̀wọ́ àwọn tó ń rìn gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí àwọn tó ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn wákàtí kan, lójú ọ̀nà tó fẹ̀ tó láti kọjá ara wọn. Gbogbo wọn á parí ní nǹkan bí àkókò kan náà, orin á ṣì máa dún, onífọ́tò á ṣì wà nídìí iṣẹ́. Omi náà kò ní tán kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ohun tí yóò ná olùṣètò kò ju àfikún wákàtí kan fún àwọn olùyọ̀ǹda lọ, àti arìnkẹ́yìn méjì tí wọ́n mọ bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń ṣètò ìrìn fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde iléèwé lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn arìnkẹ́yìn méjì yẹn, kí ẹ tó lọ tẹ fáánẹ́ẹ̀lì.